Kí Ọbẹ̀ Má Baà Jóná

Inú kùrukùru ni Rinske ti kọ́kọ́ rí i, ó sì rò pé òkú ni. Ọkùnrin gíga kan dúró lórí omi dídì, kò wọ bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí rẹ̀, kò mira, kò sọ̀rọ̀. Èéfín funfun ń jáde láti àyà rẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń dàpọ̀ mọ́ kùrukùru. Rinske dá ẹsẹ̀ dúró lójijì, irin bàtà rẹ̀ sì ha omi dídì náà fẹ́rẹ́.

"Má sún mọ́ mi o!" ó pariwo. "Tó o bá jẹ́ iwin, tètè sọ ọ́ kí n mọ̀!"

"Tí mo bá jẹ́ iwin ni," ọkùnrin náà dáhùn, "ìkòkò yìí ì bá má wúwo tó báyìí."

Ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà ló gbé sáyà. Ó ń gbé e lọ sí àtíbàbà kékeré tó pa sórí omi dídì, níbi tí àwọn tó ń yọ̀ kiri ti máa ń dúró jẹ nǹkan gbígbóná. Aṣọ ìnuwọ́ ló fi bo ìkòkò náà, èéfín sì ń gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ jáde. Nígbà tí Rinske rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni, ojú tì í, ó sì fi ìbínú bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀.

"Kí ló wá dé tó o fi dákẹ́ lẹ́yìn tó o ti fi ariwo pè mí wá?" ó bi í. "Láti àárín adágún ni mo ti ń tẹ̀ lé ọmọrí tó ò ń lù. Mo dé tán, o wá dúró ò ń wò mí."

"Ọmọrí wo?"

"Ọmọrí ìkòkò! Kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ. Àbí etí mi ló ń tàn mí?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi di etí ìkòkò mú. "Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi lù ú?" ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó yíjú wẹ̀yìn, sí afárá onípákó tó na orí sínú adágún láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Rinske náà wo ibẹ̀. Yìnyín ti bo gbogbo pákó afárá náà, ó ti bo okùn, ó ti bo òpó, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Ọmọrí onírin kan wà ní ìkángun afárá pẹ̀lú orógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló dúdú. Yìnyín kò bà lé e rárá.

"Mo ti wá a títí láàárọ̀ yìí," ọkùnrin náà wí. "Orí ìṣó ni mo gbé e kọ́ lánàá."

Ẹni tí kò gbé etí adágún Aldemar rí lè máa fi Rinske ṣẹ̀sín. Èmi ò ní í bá a ṣe é, nítorí mo mọ ohun tó gbọ́. Èmi náà ti gbọ́ ọ rí, mo sì sáré wọlé lọ ti ilẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí kùrukùru bá já lu adágún nígbà òtútù tí àwọn ènìyàn ṣì ń yọ̀ lórí omi dídì, gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí omi á ju ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Á mú ọmọrí ìkòkò, á mú orógùn, á lọ dúró sórí afárá, á sì máa lù ú títí ẹni ìkẹyìn á fi gòkè. A kì í béèrè ẹni tó wà lórí omi. A kì í sì í sinmi.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Geeske ti kú ní apá ìwọ̀ oòrùn adágún, ọmọrí kan máa ń dún níbẹ̀ nígbà kùrukùru, láìsí ẹni tó ń lù ú. Àwọn ìyá tó wà lápá ìlà oòrùn ti kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má tẹ̀ lé e. Rinske tẹ̀ lé e nítorí pé ó ti ṣìnà, kò sì gbọ́ ìró mìíràn.

Obìnrin mìíràn ì bá ti sá. Rinske náà fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú, òórùn ọbẹ̀ náà sì ti wọ inú rẹ̀ lọ.

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ, kó o jẹun," ọkùnrin náà ní. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ nínú àtíbàbà, ó bu ọbẹ̀ sínú àwo, ó ki ṣíbí bọ àárín rẹ̀. Ṣíbí náà dúró ṣánṣán.

Rinske bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. "O kú ọbẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni. Geeske lorúkọ wọn. Hessel lèmi."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Rinske. Ilé náà gan-an ló dé yìí. Síbẹ̀ ó jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó fi búrẹ́dì dúdú nu àwo, ó sì dá a padà. "Èmi ni Rinske," ó ní. "Rinske ọmọ Douwe."

Hessel gba àwo náà, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rinske rò pé òtútù ló fa omi tó lé sí i lójú.

Òtútù ọdún náà kò fẹ́ lọ bọ̀rọ̀, Rinske náà kò sì fẹ́ kó lọ. Ilé iṣẹ́ wàrà ló ti ń ṣiṣẹ́, bó bá sì ti ṣíwọ́, á de bàtà onírin mọ́ ẹsẹ̀, á kọjá adágún. Ìyá rẹ̀, Baukje, rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ló ń lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ náà mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sínú.

Hessel kì í ṣe aláròyé. Ojú òkun ló ti ń ṣiṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó wá tọ́jú wọn, wọ́n kú, kò sì padà mọ́. Àmọ́ bí Rinske bá dé, ẹnu rẹ̀ á là. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn jù ni kó máa wo obìnrin náà bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ìborùn pupa ń fò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Hessel kọ́ ọ ní ọbẹ̀ náà sísè. Ó ti se ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú egungun ìhà láti òwúrọ̀, ó sì ti re ìfòófó orí rẹ̀ dànù. Ẹ̀wà lílà, aláwọ̀ ewé, ni Rinske ń ṣan nínú omi tútù. Lẹ́yìn náà, ó dojú kọ gbòǹgbò sẹ́lẹ́rì, èyí tó le tó sì rí gbágungbàgun.

"Ṣé igi lò ń là ni?" Hessel bi í.

"Ọ̀bẹ ẹ ló kú."

"Ọ̀bẹ mi ò kú. Ìwọ lò ń na sẹ́lẹ́rì bíi pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mú un wá, ìṣúra mi, kó o tó gé ìka tí mo fẹ́ fi òrùka sí."

Rinske yíjú sí i wéré. Etí Hessel ti pọ́n. Rinske sáré da kárọ́ọ̀tì, pòtétò àti àlùbọ́sà elewé gígùn sínú ìkòkò.

Iṣẹ́ tó kù ló ṣòro jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Bí ẹ̀wà lílà bá ti ń rọ̀, ó máa ń rì lọ sísàlẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ó ti jóná nìyẹn, òórùn èédú á sì gba gbogbo ọbẹ̀. Kò sí àtúnṣe, ajá gan-an kò ní í jẹ ẹ́. Nítorí náà, èèyàn á dúró tì í ni, á máa rò ó, á máa rò ó, títí sọ́sééjì á fi wọ̀ ọ́ níkẹyìn tí wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àti pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sè é kò mọ nǹkan kan. Ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òtútù títí di ọjọ́ kejì.

Hessel jáde lọ gbé igi ìdáná, Rinske ń ro ọbẹ̀. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Kùrukùru ti ń rá pálá dé ojú fèrèsé, inú ilé sì ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan kan dún. Kọ̀ǹ.

Ó yíjú. Ọmọrí ìkòkò náà, èyí tó so rọ̀ sórí ìṣó, ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, ó sì ń kan ògiri. Ilẹ̀kùn wà ní títì, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Rinske fi ọwọ́ kan mú un kó má baà dún mọ́. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi etí tí wọ́n fi ń gbé e, ó dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni.

Hessel dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igi lápá. "Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí kùrukùru bá ń bọ̀," ó ní, ó ju igi sílẹ̀, ó sì gba ọmọrí náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tí mi ò bá tètè jáde lọ lù ú, á fúnra ẹ̀ jáde síta lọ dún."

"Ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni, Rinske. Ibo ni kí n sá lọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un. Rinske ti fẹ́ràn ẹ̀rín rẹ̀, ó ti fẹ́ràn ejìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí dé ibi tí kò sí ìpadàsẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá jẹ ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè. Búrẹ́dì dúdú wà lórí tábìlì pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ àti mọ́sítáàdì. Ó ti gbé ṣíbí dé ẹnu nígbà tí Hessel na ọwọ́, tó sì fi bo àwo rẹ̀.

"Má tíì jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti yẹ kí n sọ tipẹ́. Tó o bá gbọ́ tán tó o ṣì fẹ́ jẹ ẹ́, wàá jẹ ẹ́."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, má dẹ́rù bà mí."

Kò rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ kú sínú adágún yìí, ìyá mi nìkan ló wà nílé yìí. Kùrukùru já, wọ́n mú ọmọrí, wọ́n lọ sórí afárá, wọ́n ń lù ú. Wọ́n gbọ́ ìró bàtà onírin lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni òórùn ọbẹ̀ wá bá wọn níta, ó ti fẹ́ máa jóná. Ìkòkò náà kún, ti àtíbàbà ni, wọn ò lè dá a sọ̀. Wọ́n ní kí àwọn kàn sáré wọlé rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, wọ́n lù ú títí ọwọ́ wọn fi bó. Kò sẹ́ni tó gòkè."

Rinske gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Bàbá mi," Rinske wí.

"Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni wọ́n sọ fún nígbà tí wọ́n fẹ́ kú."

"Ìwọ wá mọ̀ ọ́n láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o dárúkọ bàbá ẹ fún mi lórí omi."

"O mọ̀ ọ́n," Rinske wí. "O mọ̀ ọ́n, o sì ń bu ọbẹ̀ fún mi. O ń pè mí ní ìṣúra ẹ. O jẹ́ kí n dúró sídìí ààrò yẹn gan-an!"

"Ẹ̀rù bà mí pé o ò ní í wá mọ́."

Rinske dìde, ó sì lọ. Ó fi ìborùn pupa rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, kò padà wá mú un.

Kò lè fi í pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n Baukje kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún, ojú ọmọ rẹ̀ sì ti wú. Nígbà tí Rinske sọ ọ́ tán, Baukje kò sọkún, kò pariwo. Ó jókòó síbi tó wà, ó ń fi àtàǹpàkò nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní níkẹyìn. "Etí omi níbí ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mo ń lu tèmi. Atẹ́gùn ń gbé tèmi padà sẹ́yìn. Mo ń gbọ́ ti Geeske lódìkejì, mo ní, Olúwa ṣeun, Geeske ló máa mú un gòkè. Ni mo bá gbọ́ tó dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló mú un dákẹ́. Mo ní bóyá ó ṣubú. Mo ní bóyá àyà ló dùn ún." Ó gbójú sókè. "Nítorí ọbẹ̀! Ọkọ mi kú nítorí kí ọbẹ̀ má baà jóná!"

"Mem," Rinske wí, bó ṣe ń pe ìyá rẹ̀ láti kékeré, "Hessel kọ́ ló ṣe é."

"Ilé tó ti jáde nìyẹn. Ìkòkò yẹn náà ló fi ń sè é fún ẹ. O ò ní í dé ibẹ̀ mọ́. Àǹtí ẹ ní ìlú Groningen á gbà ẹ́ sílé."

Hessel gba ojú títì wá lẹ́ẹ̀kan, ó mú ìborùn pupa náà lọ́wọ́. Baukje ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá tìẹ wà lábẹ́ ilẹ̀," Baukje dá a lóhùn, ó gba ìborùn, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Rinske gbọ́ ọ láti yàrá. Nígbà tí Baukje ju ìborùn náà fún un, ó bù ú jẹ kó má baà sunkún síta.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Rinske lọ, ojú ọjọ́ dẹ̀. Omi ti ń kán láti ẹnu òrùlé, omi dídì adágún sì ti ń yọ́ láti etí. Àwọn àgbà ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gun orí rẹ̀ mọ́. Rinske di ẹrù rẹ̀ tán, ó jókòó tì í, ó sì rí i pé òun kò lè lọ láìrí ojú Hessel. Ìbínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìfẹ́ náà sì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì fún un ní ìsinmi. Ojú títì tó yí adágún ká jìn, Baukje á sì rí i. Ó mú bàtà onírin, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí kùrukùru fi já. Kò wá díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ló bo gbogbo rẹ̀. Rinske na ọwọ́, kò rí ìka rẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi dídì kérora, ìró náà gùn lọ jìnnà. Omi tútù ṣàn gba orí bàtà rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló ti gbọ́ ìró bàtà onírin mìíràn.

Ó dúró. Èkejì náà dúró. Ó tún yọ̀ lọ díẹ̀, èkejì náà yọ̀ lọ, ẹsẹ̀ kan ń yọ̀ lọ wéré, ẹsẹ̀ kejì ń ha ilẹ̀. "Ta nìyẹn?" ó béèrè. Kò sí ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹni náà sún mọ́ ọn, ó ń tì í láìfọwọ́ kàn án, bíi pé kó má lọ sápá òsì. Lápá òsì yẹn ni Rinske ti gbọ́ omi tó ń gbo mọ́ ara rẹ̀, omi tí kò dì.

Ní iwájú ní ọ̀ọ́kán, ọmọrí kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Hessel wà lórí afárá. Ó ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí kùrukùru já, ó sì jáde bí a ṣe ń jáde, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lórí omi. Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ kan fi ya wọ àgbàlá, Baukje sì já bọ́ lórí rẹ̀, kò ní ìborùn, kò ní ìbọ̀wọ́.

"Ọmọ mi! Bàtà onírin ẹ̀ ò sí nílé! Ọmọ mi wà lórí omi!"

Hessel kò dá a lóhùn. Ó kàn ń lù ú kíkankíkan. Baukje bọ́ bàtà onígi rẹ̀ kan, ó kúnlẹ̀ sórí pákó afárá, ó ń fi bàtà náà lu òpó, ó sì ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe wà, àwọn méjèèjì, wọn kò wo ara wọn.

Nígbà tó ṣe, òórùn náà wá bá wọn. Ó gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná jáde, òórùn ẹ̀wà tó ti fẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Baukje mọ òórùn yẹn bí gbogbo obìnrin etí adágún ṣe mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti búra pé òun kò ní í wọ ilé náà láéláé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé. Ó gbójú sókè wo ọmọ Geeske, ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọbẹ̀ ẹ ti fẹ́ máa jóná."

"Kó jóná," Hessel ní.

"Ìkòkò náà kún."

"Kó jóná, Màmá! Kó di èédú! Kí ilé gan-an jóná!" Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára orógùn, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ọmọrí náà kò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Baukje bú sẹ́kún nígbà náà, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ ikú ọkọ rẹ̀. Ó tún gbé bàtà onígi rẹ̀, ó ń lù ú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ìró bàtà onírin tó ń bọ̀. Baukje na ọrùn. Ìró ẹni méjì ni. Ẹnì kan ń yọ̀ wéré wéré, èkejì ń ha ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, bí Douwe ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ha á láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní ọ̀dọ́. Ìborùn pupa yọ nínú kùrukùru. Rinske dì mọ́ òpó afárá, Hessel ju ọmọrí sílẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì fà á gòkè. Ẹnì kejì kò yọ. Ó dé ìsàlẹ̀ afárá, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ yí padà, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

"O dé ibẹ̀ wàyí," Baukje wí sínú kùrukùru. "O dé ibẹ̀, Douwe. Máa lọ sinmi."

Rinske ń gbọ̀n lápá Hessel. "Mo ṣì ń bínú sí ẹ," ó ní pẹ̀lú eyín tó ń kọlu ara wọn.

"Máa bínú. Ṣáà máa bínú nítòsí mi."

Wọ́n gbé e wọlé nítorí òtútù, Baukje sì wọlé tẹ̀ lé wọn kó tó rántí ìbúra rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí. Òórùn èédú kò sí mọ́. Ọbẹ̀ ń hó lórí ààrò, puku, puku. Orógùn kejì, ti Geeske, èyí tí Hessel kò mú wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, wà nínú ìkòkò. Ó ń yí. Ó yí lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kan ìdí ìkòkò, ó sì dúró ṣánṣán láàárín ọbẹ̀.

Baukje ló kọ́kọ́ rìn lọ síbẹ̀. Ó di orógùn náà mú, ó ha ìdí ìkòkò láti etí dé etí. Ìdí náà mọ́ tónítóní. Ọwọ́ orógùn náà gbóná, bí igi ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ẹni tó ti ń rò ó tipẹ́.

Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Ó dá nìkan wà lọ́jọ́ náà," ó ní. Kì í ṣe àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀ tán. "Mi ò rò ó rí. Ẹnì kan ò lè lu ọmọrí kó sì tún ro ọbẹ̀. Geeske, ó tó. Fi í sílẹ̀ fún wọn. Lọ jókòó."

Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dún, bí àga ṣe ń dún tí ẹni tó ti rẹ̀ bá fìdí lé e. Lẹ́yìn náà kò tún dún mọ́.

Baukje gé sọ́sééjì sínú ọbẹ̀, ó tọ́ iyọ̀ wò, ó sì yọjú wo Hessel. "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Ti ìyá ẹ náà kì í tó." Ó wọ bàtà onígi rẹ̀ kejì. "Àǹtí ẹ ní Groningen á fara balẹ̀, Rinske. Ọbẹ̀ ò ṣeé jẹ lónìí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màá padà wá lọ́la. Kí búrẹ́dì dúdú wà nílẹ̀."

Ó jáde lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró ti ìkòkò kíkún náà. Hessel di etí kan mú, Rinske di èkejì, wọ́n sì jọ gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òtútù. Kò wúwo tó bí ó ṣe máa ń rí.

"Hessel," Rinske pè é nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó ń fi ìborùn pupa wé e. "Tí kùrukùru bá dé, ìwọ máa lọ lu ọmọrí. Èmi á máa ro ọbẹ̀."

Hessel wò ó. "Títí dìgbà wo, ìṣúra mi?"

"Títí ẹni ìkẹyìn á fi gòkè."